Ṣé Ìpìlẹ̀ Bọ́ńgálò Yín Lè Gbé Pẹ́tẹ́ẹ̀sì?

Ọmọ ti gbéyàwó, ìyá àgbà ti wá bá yín gbé, ilẹ̀ kò sì fẹ̀ sí i. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé ká ká páànù kúrò, ká da dẹ́kìn, ká kọ́ òkè lé ilé tó wà nílẹ̀. Kí ẹ tó ra búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ wò.

Ẹrù náà pọ̀ púpọ̀. Dẹ́kìn tó nípọn ní ínǹṣì 6 lórí yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 wúwo tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 5. Àpò sìmẹ́ǹtì 100 nìyẹn, kí a tó ka ògiri òkè, ẹrù ilé àti èèyàn. Táǹkì omi lítà 1,000 tó bá kún, àpò 20 mìíràn ni. Páànù àti igi ni ọ̀pọ̀ ẹni tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ bọ́ńgálò ní lọ́kàn.

Ẹ kọ́kọ́ yí ilé ká. Bí plásítà bá sán tínrín bí irun, kò ṣe nǹkan. Èyí tó bá gba ìsopọ̀ búlọ́ọ̀kù gòkè bí àtẹ̀gùn láti igun fèrèsé, tí ẹnu bírò lè wọ̀, ẹ má fi plásítà bò ó. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tó parí sí, ẹ kọ déètì sí i, kí ẹ ṣọ́ ọ ní òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan. Bó bá kọjá àmì náà, ó ṣeé ṣe kí ilé ṣì máa rì.

Inú kòtò ni òótọ́ wà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ gbẹ́ kòtò ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 3 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níta, ní igun ilé, títí ẹ ó fi kan kọnkéré ìpìlẹ̀ tí búlọ́ọ̀kù jókòó lé. Tí ẹ bá ti dí ìyẹn, tí ẹ gún un dáadáa, ẹ gbẹ́ òmíràn níbi tí ògiri àárín ti pàdé tìta. Ẹ má ṣí méjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má sì gbẹ́ wọ abẹ́ kọnkéré. Lórí ilẹ̀ tó le, kọnkéré tó gbé búlọ́ọ̀kù ínǹṣì 9 sábà máa ń fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀, ìyẹn ínǹṣì 27. Mo ti bẹ̀rẹ̀ wo kòtò kan rí tí kọnkéré inú rẹ̀ kò fẹ̀ ju búlọ́ọ̀kù lọ. Àwọn onílé ti ra irin dẹ́kìn tán. Àánú wọn ṣe mí.

Ẹ fi òòlù lu kọnkéré náà. Bó bá ń ya bí àkàrà gbígbẹ, kò lágbára. Ẹ wo ilẹ̀ ìsàlẹ̀ kòtò náà pẹ̀lú. Yangí pupa tó ń ta dígà padà dára. Amọ̀ dúdú tó ń wú lójò tó ń sán lẹ́ẹ̀rùn, tàbí àbàtà tí wọ́n fi yanrìn dí, ń fẹ́ ìpìlẹ̀ mìíràn pátápátá. Bí sọ́kàwéè bá ń jò nítòsí, ilẹ̀ tó le náà á rọ̀.

Bí bíríkìlà tó kọ́lé bá ṣì wà láyé, ẹ bi í bóyá òpó gba ìsàlẹ̀ wá tàbí orí Jámánì fúlọ̀, ìyẹn kọnkéré tí wọ́n dà sílẹ̀ yàrá, ni wọ́n ti gbé e. Òpó orí fúlọ̀ kò lè gbé dẹ́kìn.

Àwọn kan á ní bàbá àwọn kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì amọ̀ n'Ìbàdàn, kò wó. Òótọ́ ni, ògiri rẹ̀ nípọn gan-an, pákó ló sì wà lókè, kì í ṣe kọnkéré.

Ẹ ya fọ́tò kòtò kí ẹ tó dí i, kí ẹ gbé e lọ bá ẹnjinníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjinníà ní Nàìjíríà. Òun ló máa ṣírò ẹrù. Òkè tuntun ń fẹ́ ìwé àṣẹ tuntun. L'Ékòó, LASPPPA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ìwé àṣẹ ilé kíkọ́, ló ń fún ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, ilé alájà márùn-ún tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Lẹ́kí, ó pa èèyàn tó lé ní 30. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní wọ́n ti kọ́ ọ kọjá iye àjà tí àwọn fọwọ́ sí.

Bí ìpìlẹ̀ kò bá tó, ẹnjinníà lè ya òpó tuntun tó ní ìpìlẹ̀ tirẹ̀ níta ògiri, kí dẹ́kìn jókòó lórí ìyẹn. Owó rẹ̀ pọ̀. Bí ààyè bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ilé, yàrá méjì nílẹ̀ ni èmi á kọ́.