Sikútà Màmá àti ibi ìgbọ́kọ̀sí ní Orlando: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń gbé ìyá mi lọ sí àwọn ọgbà ìgbafẹ́ Disney ní Orlando, ìpínlẹ̀ Florida, nígbà ìsinmi àwọn ọmọ. Orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n rìn jìnnà mọ́, sikútà oníbátìrì ni wọ́n ń gùn. Nínú ọgbà, ara máa ń tù wọ́n. Láàárín ọkọ̀ àti ẹnu ọ̀nà ni ìyà wà, ibẹ̀ náà sì ni ìbéèrè táwọn èèyàn ń bi mí dá lé.

Ìbéèrè: Wọ́n darí wa sí ìlà tó jìnnà pátápátá, tram tó ń kó èrò lọ sí ẹnu ọ̀nà ò sì gba sikútà wa. Níbo la ti ṣì í?

Níbi tí ẹ ti sanwó ọkọ̀ ni. Ẹni tó ń gbowó ò lè rí sikútà tó wà nínú búùtù. Bí ẹ bá dákẹ́, ìlà tó bá kàn ni wọ́n máa júwe fún yín. Ẹ ti mú káàdì ìgbọ́kọ̀sí àkàndá ẹ̀dá dání kí ẹ tó débẹ̀, ẹ fi hàn wọ́n, kí ẹ sì sọ pé "disabled parking" lẹ ń lọ. Ẹ tún un sọ fún gbogbo òṣìṣẹ́ tó bá ń fọwọ́ darí ọkọ̀ níwájú. Àwa dákẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ torí pé ọkọ̀ pọ̀ lẹ́yìn wa. Màmá gun sikútà gba àárín ọkọ̀ kọjá nínú oòrùn ọ̀sán, èmi ń sáré níwájú wọn, mò ń nawọ́ sí àwọn awakọ̀ tó ń fà sẹ́yìn.

Ní ti tram, ẹni tó ń gun sikútà gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀, kó jókòó bí èrò yòókù, kí wọ́n sì ká sikútà náà. Èyí tí kò bá ṣeé ká ò lè wọ̀ ọ́.

Ìbéèrè: A ti gbé ọkọ̀ sí Magic Kingdom, ọ̀kan lára àwọn ọgbà Disney, àmọ́ a ò rí ọgbà kankan.

Ẹ ò ṣìnà. Ibùdó Transportation and Ticket Center lẹ wà, adágún Seven Seas Lagoon ló wà láàárín ẹ̀yin àti ọgbà. Ọkọ̀ ojú omi tàbí monorail, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin tó ń gba orí òpó, ló máa gbé yín kọjá, méjèèjì sì ń gba sikútà. Ọkọ̀ ojú omi ni mo fara mọ́: ẹ máa gun sikútà wọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ tààrà ni, atẹ́gùn orí omi sì máa ń tu àgbàlagbà lára. Ẹ fi àkókò yìí kún ètò yín.

Ìbéèrè: Ẹnì kan gbé ọkọ̀ sórí àwọn ìlà dábùú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Kò síbi tí a máa gbé sikútà sọ̀ sí.

Ibi tí wọ́n fa ìlà dábùú sí yẹn kì í ṣe àyè ọkọ̀. Ìlànà òfin ADA ti ọdún 1990, tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ àkàndá ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ní kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 5 ó kéré tán, kí kẹ̀kẹ́ lè ráyè balẹ̀. Ẹ pe òṣìṣẹ́. Ẹ má bá onítọ̀hún fa ọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń padà sílé ni, kí awakọ̀ yín rọra fa ọkọ̀ jáde díẹ̀, kí ẹlòmíì dúró lẹ́yìn máa ṣọ́ ọ̀nà, kí ẹ gbé sikútà sínú búùtù níbẹ̀.

Ìbéèrè: A gbé sikútà sílẹ̀, iná rẹ̀ tàn, ṣùgbọ́n kò lọ.

Èyí ti mú omijé bọ́ lójú mi rí. A ti tú bátìrì, a ti tún un dè, Màmá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú agboòrùn. Irin kékeré kan ló wà lẹ́bàá táyà ẹ̀yìn, kò ju àtàǹpàkò lọ. Bí a bá fẹ́ fọwọ́ ti sikútà wọnú búùtù, a máa ń ti irin yẹn síbi tí táyà á fi máa yí lásán. A gbàgbé láti dá a padà. Ẹ pa sikútà, ẹ dá irin náà padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, kí ẹ tó tún tàn án. Bí ẹ bá dá irin náà padà láì kọ́kọ́ pa sikútà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní dáhùn.

Ìbéèrè: Ṣé káàdì Texas tàbí ti London ṣiṣẹ́ ní Florida?

Ó ṣiṣẹ́. Òfin Florida gba káàdì ìpínlẹ̀ míì àti ti orílẹ̀-èdè míì, bí àmì kẹ̀kẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ bá wà lára rẹ̀. Ẹni tó ni káàdì gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀. Ní Disney, kò yọ owó ìgbọ́kọ̀sí kúrò.

Ìbéèrè: Ṣé kí a kúkú yá sikútà lọ́wọ́ Disney?

Ẹ lè yá a, àmọ́ sikútà wọn kì í jáde kúrò nínú ọgbà. Ẹ ṣì máa wá bí ẹ ṣe máa dé ẹnu ọ̀nà láti ibi ọkọ̀.

Ìbéèrè: Bátìrì fẹ́ tán lálẹ́, a ò sì rántí ibi tí ọkọ̀ wà.

Ní Magic Kingdom, orúkọ akọni àti ọ̀dájú inú fíìmù ni wọ́n fi sọ apá kọ̀ọ̀kan ibi ìgbọ́kọ̀sí: Simba, Jafar àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ya fọ́tò pátákó náà kí ẹ tó kúrò nídìí ọkọ̀. Ẹ mú ṣájà dání. Bí a bá ń jẹun ọ̀sán, mo máa ń bi àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bóyá a lè ki í bọ iná lára ògiri.