Ẹ Má Tíì Ra Ráútà Kejì: Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Owó Yín ní Àkúrẹ́

Ó ń bí mi nínú, mi ò sì ní fi pa mọ́. Ẹni tó gba yàrá sí South Gate FUTA tàbí tó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Ọjà Ọba á ra ráútà, ẹ̀rọ tó ń lo síìmù láti fi gba íntánẹ́ẹ̀tì. Íntánẹ́ẹ̀tì á máa wọ́ bí ìgbín, kò ní yẹ nǹkan kan wò, á tún lọ ra òmíràn. Ibi tó gbé ti àkọ́kọ́ sí náà ló máa gbé ìkejì sí, tìyẹn náà á sì máa wọ́.

Àṣìṣe kìíní nìyẹn, òun ló ń dùn mí jù: gbígbé ráútà pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Rédíò ni ráútà. Apá kan rẹ̀ ń bá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà níta sọ̀rọ̀, apá kejì ń bá fóònù yín sọ̀rọ̀. Irin máa ń dá ìgbì rédíò padà, omi máa ń gbé e mì. Ìdí nìyẹn tí páànù, irin ojú fèrèsé, táǹkì omi àti dígí ńlá tí wọ́n fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń ṣèdíwọ́. Ní Àkúrẹ́ tiwa, òkè àti àpáta tún wà níbẹ̀. Bí òkè bá dúró láàárín ilé yín àti òpó, fèrèsé kan lè máa gbà dáadáa kí èkejì má rí nǹkan kan.

Ẹ má fi ojú lásán wò ó, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ so fóònù mọ́ Wáìfáì ráútà, ẹ ṣí Chrome, ẹ tẹ nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ìdí ráútà (192.168.8.1, 192.168.0.1 àti 192.168.1.1 ló wọ́pọ̀). Lẹ́yìn tí ẹ bá wọlé, ẹ wá RSRP àti SINR. RSRP ń sọ bí agbára ohùn òpó tó dé ọ̀dọ̀ ráútà ṣe tó. Ó máa ń ní àmì ìyọkúrò níwájú, nítorí náà -80 dára ju -110 lọ dáadáa. SINR ń sọ bí ohùn òpó ṣe mọ́ tó láàárín ariwo: 20 mọ́ kedere, 0 ti dàrú. Ẹ gbé ráútà lọ sí fèrèsé kọ̀ọ̀kan, ẹ dúró ìṣẹ́jú 2 níbẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀. Ẹ tún un ṣe ní aago 10 àárọ̀ àti aago 9 alẹ́. Bí nọ́ńbà bá dára tọ̀sán-tòru ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé alẹ́ nìkan ló ń fà, èrò ti pọ̀ jù lórí òpó náà. Ráútà olówó ńlá kò lè lé wọn lọ. Síìmù ilé-iṣẹ́ mìíràn ni kí ẹ dán wò.

Èkejì, àìmọ ibi tó ń dùn. Ẹ dúró ti ráútà kí ẹ wọn ìyára, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n nínú yàrá. Bó bá yá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó sì kú nínú yàrá, Wáìfáì inú ilé ni. Bó bá kú níbi méjèèjì, ìta ni.

Wáìfáì tí orúkọ rẹ̀ parí sí "5G" kì í ṣe 5G ti òpó. 5 GHz, irú ìgbì rédíò kan tí Wáìfáì ń lò, ló túmọ̀ sí: ó yá, àmọ́ ògiri tètè ń sọ ọ́ di aláìlágbára. Ìgbì mìíràn, 2.4 GHz, ló ń wọ yàrá jìnnà.

Wọ́n tà á fún yín pé 10 Mbps, ẹ wá ń bínú pé fáìlì 1 GB kò wọlé ní ìṣẹ́jú 2. Bit ni b kékeré, byte ni B ńlá, bit 8 ló sì wà nínú byte 1. Ẹ fi 8 pín 10: 1.25 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fáìlì náà á gbà tó ìṣẹ́jú 13, kò sí ẹni tó rẹ́ yín jẹ.

Ráútà àlòkù: ẹ fi síìmù yín sínú rẹ̀ kí ẹ rí i pé ó gbé 4G kí ẹ tó sanwó, torí òmíràn wà tí wọ́n ti tì mọ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo.

Ẹ kò so síìmù mọ́ NIN? Ẹ lọ so ó ná.

Nígbà tí àwọn okùn abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní 14 Oṣù Kẹta 2024, títan ráútà àti pípa á kò lè tún wọn so. Bí gbogbo àdúgbò bá ń ké, ẹ fi ráútà yín sílẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ cháájà. Bí wọ́n bá kọ 12V 1A sí ara ráútà, 12V 2A kò léwu, torí ìwọ̀n tó bá fẹ́ nìkan ló máa fà. Ṣùgbọ́n 9V lè jẹ́ kó máa kú kó máa jí, ti láptọ́ọ̀pù tó jẹ́ 19V sì lè jó o. Ẹ wo àwòrán + àti - tó wà lára méjèèjì pẹ̀lú: ẹnu cháájà lè wọ̀ ọ́ gẹ́lẹ́ kí iná inú rẹ̀ dojú kọdí.