Ẹ mọ ojú ibi tí irin wà kí ẹ tó gbẹ́lẹ̀

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń fi ẹ̀rọ awárin wá nǹkan lóko nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dín ihò kù. Mo rí kòtò ńlá kan lánàá tí wọ́n gbẹ́ nítorí owó ẹyọ kan ṣoṣo, ó dùn mí.

Tí ẹ̀rọ bá ké, ẹ má tíì mú ṣọ́bìrì. Ẹ fi àwo rẹ̀, ìyẹn apá pẹlẹbẹ ìsàlẹ̀ tó ń gbọ́ irin, gbálẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún, kí ẹ fojú sàmì sí ibi tí ìró ti le jù. Ẹ wá lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ tún un gbá, kí ìlà kejì dábùú èkíní bí àgbélébùú. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni kí ẹ gbẹ́.

Tí àwo yín bá jẹ́ DD (èyí tí wáyà inú rẹ̀ rí bíi lẹ́tà D méjì), ọgbọ́n kan wà tí mo fẹ́ràn ju bọ́tìnnì pinpoint, tó ń tọ́ka ojú ibi tí nǹkan wà, lọ: ẹ máa mì ín ní kúkurú, kí ẹ máa fà á sẹ́yìn sọ́dọ̀ ara yín díẹ̀díẹ̀. Bí ìró bá ṣe gé wẹ́lo, iwájú ṣóńṣó àwo gan-an ni nǹkan náà wà. Àmọ́ owó tó bá fi etí dúró nínú ilẹ̀ máa ń tanni, ẹ fi sùúrù sí i.

Láti fi kọ́ ọ, ẹ ri owó pẹ́nì kan mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, bíi sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ fi igi ìtayín gún ibi tí ẹ rò pé ó wà, kí ẹ tó hú u wò. Ìrọ̀lẹ́ márùn-ún ni mo fi ṣe é kó tó mọ́ mi lọ́wọ́.