Mọ́ínmọ́ín olóróró díẹ̀ tó rọ̀ lẹ́nu

Òróró ṣíbí ìjẹun 2 ti tó fún ife ẹ̀wà 2. Àwọn tó ń da ìdajì ife sí i rò pé òróró ló ń jẹ́ kí mọ́ínmọ́ín rọ̀, àmọ́ omi àti pípò ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ẹ rẹ ẹ̀wà fún ìṣẹ́jú 15, ẹ bó o, kí ẹ tún rẹ ẹ́ fún wákàtí 1. Èyí tí kò bá rẹ̀ dáadáa kì í kúnná. Ẹ fi tàtàṣé 2, àlùbọ́sà ńlá 1, ata rodo 2 àti omi ìwọ̀nba lọ̀ ọ́.

Kí ẹ tó fi ohunkóhun kún un, ẹ fi ọmọrogùn pò ó fún ìṣẹ́jú 5, kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ń fo èyí, mọ́ínmọ́ín wọn á sì kì pọ̀pọ̀. Wàyí o, ẹ fi omi ẹja bíbọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ là á díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi máa ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Iyọ̀, edé lílọ̀, ẹja tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀ àti òróró ló kù. (Bíìfù inú agolo? Ọ̀rá rẹ̀ á ba làálàá yín jẹ́.)

Ẹ pọ́n ọn sínú ewé, ẹ tẹ́ igi ewé sísàlẹ̀ ìkòkò, ẹ má sì jẹ́ kí omi bo ewé. Wákàtí 1 ló máa ń gbà. Bí omi bá ń gbẹ, omi gbígbóná ni kí ẹ fi kún un. Ẹ jẹ́ kó tutù fún ìṣẹ́jú 10 kó lè dì. Bó bá ṣì ń ṣàn lẹ́yìn ìyẹn, omi ti pọ̀ jù.