Bí A Ṣe Ń Ṣe Àkójọ Footprint Tiwa Nínú KiCad

Footprint ni àwòrán tó ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ ohun èlò kọ̀ọ̀kan yóò dúró sí lórí bọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ti wà nínú KiCad, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ fún yíya bọ́ọ̀dù ẹlẹ́kítíróníìkì, tí Jean-Pierre Charras bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1992, ṣùgbọ́n bí èyí tí a nílò kò bá sí níbẹ̀, a ó yà á fúnra wa. Ẹ jẹ́ kí a fi kọnẹ́tọ̀ onísíkúrù ẹlẹ́sẹ̀ méjì ṣe àpẹẹrẹ.

Ìwọ̀n ló ṣáájú. Ẹ ka datasheet rẹ̀, ìyẹn ìwé tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fi ṣàlàyé ìwọ̀n rẹ̀, kí ẹ sì fi kálípà wọn èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Ká ní àárín ẹsẹ̀ méjèèjì jẹ́ 5.08 mm, tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì nípọn tó 1 mm. Ẹ wò ó dáadáa bóyá láti òkè ni wọ́n ti ya àwòrán inú ìwé náà tàbí láti ìsàlẹ̀, nítorí pé òkè ni a ti ń ya footprint, ẹni tó bá sì da àwòrán ìsàlẹ̀ kọ bó ṣe wà yóò rí i pé ọ̀tún ti di òsì.

Ẹ ṣí Footprint Editor, ẹ lọ sí File, kí ẹ tẹ New Library. Bí ẹ bá yan Global, gbogbo iṣẹ́ yín ni yóò máa rí àkójọ náà. Project wà fún iṣẹ́ kan ṣoṣo. Fódà tí orúkọ rẹ̀ parí sí .pretty ni yóò jẹ́.

Ẹ wá dá footprint tuntun sílẹ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ fi páàdì àkọ́kọ́ (ojú bàbà tí a ó jó ẹsẹ̀ mọ́) sí 0, 0, kí èkejì wà ní 5.08, 0. Ihò 1.3 mm yóò gba ẹsẹ̀ náà láìfúnpọ̀. Nọ́ńbà páàdì gbọ́dọ̀ bá nọ́ńbà ẹsẹ̀ tó wà lára symbol (àmì ohun èlò náà nínú àwòrán sákíìtì) mu, ohun tí mo kà sí pàtàkì jù lọ nìyí: bí symbol bá ní 1 àti 2, tí páàdì ń jẹ́ A àti B, KiCad kò ní mọ èyí tí yóò so pọ̀ mọ́ èkejì.

Ẹ ya ara kọnẹ́tọ̀ náà sórí F.Silkscreen (ìpele àwòrán tí wọ́n ń tẹ̀ sí ojú bọ́ọ̀dù) láìjẹ́ kí ìlà gun páàdì, kí ẹ sì fi ìlà F.Courtyard (ààlà tí ohun èlò mìíràn kò gbọ́dọ̀ wọ̀) yí i ká, pẹ̀lú àlàfo 0.5 mm. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi pamọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà ní ìwọ̀n 1:1, kí ẹ sì ki ẹsẹ̀ kọnẹ́tọ̀ gan-an bọ ibi tí ẹ yà. Bí méjèèjì bá wọlé láìtẹ̀, ẹ kọ orúkọ footprint náà sínú àyè Footprint lára symbol rẹ̀.