Bí ẹ ṣe lè fún ẹgbẹ́ sọ́fítíwíà lẹ́bùn kí ìmọ̀ má baà há sọ́dọ̀ ẹnì kan

Kí ẹ tó na kọ́bọ̀ lórí ẹ̀bùn, ẹ wo bí ẹ ṣe ń díwọ̀n iṣẹ́ lọ́dọọdún. Bí ẹ bá ń to àwọn òṣìṣẹ́ láti ẹni kìíní dé ẹni ìkẹyìn, kò sí ẹ̀bùn tó máa ṣiṣẹ́, torí ẹni tó bá kọ́ ẹnì kejì rẹ̀ ń ran ẹni tó lè gba ipò rẹ̀ lọ́wọ́ ni. Microsoft lo irú ètò yìí títí di oṣù kọkànlá ọdún 2013: bí gbogbo ẹgbẹ́ tilẹ̀ ṣe dáadáa, ọ̀gá gbọ́dọ̀ rí ẹni fi sí ìsàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa á tì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ohun tí òṣìṣẹ́ ṣe tó mú kí iṣẹ́ ẹlòmíràn yọrí. Ẹ fi ìbéèrè yẹn sínú fọ́ọ̀mù tiyín.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe àtẹ kan. Ẹ to àwọn apá iṣẹ́ yín sí ọwọ́ òsì: owó sísan, database, gbígbé kóòdù lọ sórí server. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó lè tún un ṣe ní ọ̀gànjọ́ òru láìpe ẹnikẹ́ni. Ibi tí orúkọ kan ṣoṣo bá wà ni wàhálà wà. Ó lè jẹ́ pé kóòdù owó sísan ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kó tó tún bi báǹkì léèrè, ẹnì kan ṣoṣo ló sì mọ̀ pé bí wọ́n bá dín in kù, wọ́n á yọ owó oníbàárà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀bùn àkọ́kọ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò kì í ṣe owó, àkókò ni. Ẹ ṣí ticket (àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí ẹ yàn fún ẹnì kan) wákàtí mẹ́rin fún un nínú sprint (sáà kúkúrú tí ẹgbẹ́ ń pín iṣẹ́ sí) láti fi kọ ohun tó mọ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì gbé iṣẹ́ míì kúrò lọ́rùn rẹ̀. Bí kò bá sí ticket, kò ní kọ ọ́, ẹni tó gbájú mọ́ kóòdù tirẹ̀ nìkan á sì dà bí ẹni tó ṣiṣẹ́ jù ú lọ. Kí ẹlòmíràn máa tẹ kíbọọ̀dù, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n máa fẹnu sọ ọ́. Iṣẹ́ kò parí àfi bí ẹnì kẹta bá tẹ̀lé ohun tí wọ́n kọ, tó sì ṣe é láìbéèrè.

Ẹ má ka iye ojú ìwé. Bí ẹ bá ṣèlérí owó lórí ojú ìwé wíkì kọ̀ọ̀kan, ojú ìwé lẹ máa rí, ẹ ò ní rí ìmọ̀. Nínú Hacktoberfest ọdún 2020, ètò ọdọọdún tó ń gba àwọn èèyàn níyànjú láti ran iṣẹ́ sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ lọ́wọ́, ilé iṣẹ́ DigitalOcean ṣèlérí T-shirt fún ẹni tó bá fi pull request (àtúnṣe tí ẹnì kan dábàá fún kóòdù ẹlòmíràn) mẹ́rin ránṣẹ́ ní oṣù kẹwàá, ni àwọn kan bá ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kún README, ìyẹn fáìlì àlàyé iṣẹ́, kiri. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta oṣù náà, wọ́n ti yí òfin padà: iṣẹ́ tí ẹni tó ni ín bá gbà láti kópa nìkan ni wọ́n á kà.

Ẹni tó gba ìrànlọ́wọ́ ni kó dárúkọ ẹni tó ràn án lọ́wọ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú peer bonus ti Google, ẹ̀bùn owó tí òṣìṣẹ́ máa ń dárúkọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún. Lọ́jọ́ Ẹtì, kó kọ nǹkan mẹ́ta: ibi tó há sí, ẹni tó ṣàlàyé fún un, àti línkì ibi tí àlàyé náà wà báyìí. Bí kò bá sí línkì, ẹ má kà á. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìdárúkọ méjì péré lóṣù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn ọ̀rẹ́ á kàn máa dárúkọ ara wọn.

Owó tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi sí i, kó kéré, kó sì má jẹ́ ìlérí. Lepper, Greene àti Nisbett dán an wò lára àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1973: àwọn tí wọ́n ti ṣèlérí ìwé ẹ̀yẹ fún kí wọ́n tó yàwòrán kò fi bẹ́ẹ̀ yàwòrán mọ́ nígbà tó yá, àwọn tí ẹ̀bùn bá lójijì kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ ka orúkọ sókè lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má kéde ọjọ́ tí owó máa jáde.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ tún àtẹ yẹn ṣe. Bí ibi tí orúkọ kan ṣoṣo wà kò bá dín kù, ẹ má fi owó kún owó. Ẹ lọ wò ó nínú sprint bóyá ticket wákàtí mẹ́rin náà ṣì wà níbẹ̀, torí òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ nígbà tí ọjọ́ tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jáde bá ń sún mọ́lé.