Ṣé fífún fáìlì pọ̀ máa ń jẹ́ kó tètè dé? Ohun tí mo rí ní Ifẹ̀

Ọ̀gá mi tó ni stúdíò ní Lagere ra kọ̀ǹpútà tuntun, wọ́n wá ní kí n kó gbogbo nǹkan orí ti àtijọ́ síbẹ̀, fídíò ìgbéyàwó, fọ́tò, database àwọn kọ́sítọ́mà, wọn ò sì fẹ́ kí n fi flash kó o torí nǹkan oníbàárà ni, ó lè bọ́ sọnù. Mo ní kò sí wàhálà, scp la máa lò, àṣẹ tó ń gba inú ssh (ọ̀nà ààbò láàárín kọ̀ǹpútà méjì) gbé fáìlì, ṣebí ó máa ń encrypt nǹkan, ìyẹn ni pé ó ń sọ ọ́ di àdìtú, kó tó gbé e jáde.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi -C sí i, èyí tó ń fún fáìlì pọ̀ kó tó lọ, pé ìyẹn ló ń jẹ́ kó yá. Mo kọ́kọ́ gbé fídíò láìfi sí i, ó ń lọ ní bíi MB 11 ní sẹ́kọ́ǹdù kan, ibi tí switch àtijọ́ tó so wọ́n pọ̀ lè gbé e dé náà nìyẹn, torí 100 Mbps tẹ́ ẹ bá fi 8 pín in, 12.5 ni, ẹ sì máa yọ owó ọ̀nà kúrò níbẹ̀, ìyẹn àyè tí ètò ìránṣẹ́ fúnra ẹ̀ ń gbà. Mo wá fi -C sí i. Kò yá o, ńṣe ló tún fà díẹ̀. Mo ṣí top, tó ń fi iṣẹ́ tí CPU ń ṣe hàn, lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́, ssh ti gbá core kan nínú CPU mú, ó ń lọ sí 100%, àwọn core yòókù jókòó wọ́n ń wòran. Fídíò MP4 àti fọ́tò JPEG ti wà ní fífún pọ̀ látilẹ̀, téèyàn bá ń fún aṣọ tó ti gbẹ, omi wo ló fẹ́ jáde?

Nígbà tó kan database, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọ̀rọ̀ kíkọ lásán ni SQL dump, ìyẹn database tá a kọ jáde sínú fáìlì, àdúgbò kan náà ló ń wá léraléra, Modakeke, Sabo, Modakeke, Modakeke, irú ẹ̀ gan-an ni zlib, irinṣẹ́ tó ń fún nǹkan pọ̀ nínú ssh, ń wá, wéré ló lọ. Àmọ́ mo yọ switch yẹn, mo so wáyà gigabit láti kọ̀ǹpútà dé kọ̀ǹpútà, -C tún di ìdíwọ́, torí wáyà ti yá ju CPU tó ń fún nǹkan pọ̀ lọ. Ìwé man ssh, ìyẹn ìwé ìtọ́ni ẹ̀, gan-an sọ ọ́, ó dáa fún ọ̀nà tó lọ́ra, ó máa fa ọ̀nà tó yá sẹ́yìn. Zstd, irinṣẹ́ ìfúnpọ̀ mìíràn tí Yann Collet ṣe ní Facebook, tó jáde ní 2016, ló gbà mí níbẹ̀, ó yá ju gzip àtijọ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà lọ fíìfíì, mo kàn fi pipe (àmì | tó ń so àṣẹ kan mọ́ òmíràn) rọ ọ́ sínú ssh.

Backup kan wà tí wọ́n ti fi gpg, irinṣẹ́ tó ń encrypt fáìlì, tì pa, ìyẹn ò tiẹ̀ dín kù rárá. Nǹkan téèyàn bá ti encrypt máa ń rí rúdurùdu, kò sí àwítúnwí kankan nínú ẹ̀ tẹ́ ẹ lè dì mú. Ìdí nìyẹn tí ssh fi máa ń fún nǹkan pọ̀ kó tó encrypt ẹ̀, ẹ má yí i po.

Ibi tí mo ti jẹ̀gbádùn -C jù ni ìgbà tí mò ń fi database yẹn ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù wọn kejì ní Iléṣà, dátà fóònù ni, lálẹ́ tí gbogbo ayé wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó tètè dé, dátà mi ò sì jó tán. Nínú ~/.ssh/config, fáìlì ètò ssh, báyìí, abẹ́ Iléṣà nìkan ni mo kọ Compression yes sí, iṣẹ́ -C náà ló ń ṣe.